Àmójútó Àṣejù Lórí Àwọn Atúnẹ̀rọṣe Tí Ń Jíṣẹ́ Káàkiri: Àgbéyẹ̀wò Láti Alábà Rágò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí gbà pé ẹni tí a rán ní làákàyè tirẹ̀, àti pé ibi tí a rán an lọ ni yóò ti lò ó, níbi tí ojú ẹni tí ó rán an kò tó. Ilé-iṣẹ́ ńlá òde òní kò fẹ́ gba èyí fún atúnẹ̀rọṣe.

Alábà Rágò wà ní ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́. Àgbò ni àwọn Hausa ń pè ní rago. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ẹran àti oúnjẹ, ẹ̀rọ àlòkù pọ̀ níbẹ̀, ọjà ẹ̀rọ ńlá ti Alábà kò sì jìnnà. Láàrin àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, àmójútó ní ìgbà tirẹ̀. Ọ̀gá a máa ṣọ́ ọmọ iṣẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀ nígbà tí kò ì tíì mọ bí a ti í yọ́ òjé sí ẹnu wáyà. Lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti gba fírídọ̀mù, àbájáde iṣẹ́ ni a ń bi í, a kì í bi í ní ìṣẹ́jú tí ó lò.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ iná mànàmáná tí a rán lọ sí Ìbà tàbí Okokomaiko yàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń rán irú rẹ̀ ti pààrọ̀ orúkọ: NEPA ni láti ọdún 1972, ó di PHCN ní 2005, pípín iná sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládàáni ní 2013. (NEPA náà ni aráàlú ṣì ń pè é.) Bí ọ̀gá tí ó jókòó sí ọ́fíìsì bá ní kí òṣìṣẹ́ yìí gba àṣẹ kí ó tó pààrọ̀ fíúsì tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí pé ó jó, kí ó sì máa fóònù ní wákàtí-wákàtí, òun ni àwọn tí ó wà nínú òkùnkùn yóò bú. Ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀, àṣẹ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí ni ó ń dá a lágara.

Irú àmójútó yìí kò ṣàjèjì sí èrò Frederick Taylor, ará Amẹ́ríkà, tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1911 pé ọ́fíìsì ni kí ètò iṣẹ́ wà, kí òṣìṣẹ́ máa tẹ̀ lé e. Julian Orr já irú èrò bẹ́ẹ̀ ní koro nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1996 lórí àwọn tí ń tún ẹ̀rọ Xerox ṣe káàkiri. Ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ kò tó wọn. Ìtàn ẹ̀rọ tí ó ti dá wọn láàmú rí, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn nídìí oúnjẹ, ni wọ́n fi ń tú àdììtú. Lójú ọ̀gá tí ń ka ìṣẹ́jú, ọ̀lẹ ni wọ́n ń ṣe.

Gbogbo àmójútó kọ́ ni àṣejù. Jẹnẹrétọ̀ ilé kan lè dá iná padà sórí wáyà tí a rò pé ó ti kú. Nítorí náà, ìwé àṣẹ kí a tó gun òpó, dídán wáyà wò, àti síso ó mọ́ ilẹ̀ jẹ́ ààbò ẹ̀mí, òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kì í kùn sí i. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò wọ̀nyí ń gba àkókò, àkókò yìí kan náà ni ìpè láti ọ́fíìsì sì ń jẹ. Ẹni tí fóònù ń lé ní eré ni ó lè fo dídán wáyà wò kí ó tó na ọwọ́ sí i.