Òkè Kangchenjunga

Kangchenjunga, tó ga ní mítà 8,586, ni òkè kẹta tó ga jù lọ láyé. Ó wà nínú àwọn òkè Himalaya, lórí ààlà Nepal àti Sikkim, tó di ìpínlẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1975. Àwọn Lepcha, onílẹ̀ Sikkim, gbà pé láti inú yìnyín orí rẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ti mọ ọkùnrin àti obìnrin àkọ́kọ́. Ẹbọra tó ń dáàbò bo ilẹ̀ náà ni àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ibẹ̀ kà á sí.

Joe Brown àti George Band ló kọ́kọ́ gùn ún, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1955. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹ góńgó rẹ̀ gan-an: olórí ikọ̀ wọn, Charles Evans, ti ṣèlérí fún ààfin ọba Sikkim pé àwọn kò ní ba ibi mímọ́ náà jẹ́. Àwọn méjì tó gùn ún lọ́jọ́ kejì ṣe bákan náà.