Lámúrúdu, Nímródù àti Àwọn Ará Sumer

Ọmọ Yorùbá wo ni kò tíì gbọ́ orúkọ Lámúrúdu? Bí a bá bi àgbà kan léèrè orírun wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú nílùú Ìbàdàn, ó ṣeé ṣe kí ó dá a mọ́ Mẹ́kà. Ẹni tí ó fi ìtàn yìí sínú ìwé tí a ń kà jù ni Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Kúdẹtì tí kò jìnnà síbẹ̀, tí ó sì padà wá ṣe olùkọ́ nílùú náà. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897; lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1921, ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Johnson ní Lámúrúdu ni Nímródù.

Ẹ wá ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 10 wò. Bábélì, Érékì àti Ákádì wà lára ìlú tí ìjọba Nímródù ti bẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Ṣínárì. Érékì yìí ni Uruk, ìlú ńlá àwọn ará Sumer, ní gúúsù Ìráàkì òde òní. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé Johnson dé òpin, Sumer ni yóò bá ara rẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀nà náà kò já síbi kankan. Èdè Sumer kò bá èdè kankan tí a mọ̀ tan, bẹ́ẹ̀ ni Ìgalà àti Ìṣẹkírì jẹ́ ìbátan Yorùbá nítòsí. Lóòótọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan wọn ní òrìṣà tirẹ̀: Inanna ní Uruk, Enki ọlọ́gbọ́n tí ó ni omi ní Eridu. Ìjọra lásán nìyẹn. Ifá àti odù 256 rẹ̀, tí UNESCO bu ọlá fún ní 2005, kò nílò baba ní Ìráàkì.

Ogún tí Sumer fi sílẹ̀ pọ̀ fún gbogbo ayé. Ní nǹkan bí 3200 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n ti ń fi gègé tí wọ́n gé lára ìfèéfèé etí odò tẹ àmì sára amọ̀ tútù ní Uruk. Ọkà àti àgùntàn tí a kó wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ sílẹ̀. (Akọ̀wé ìṣirò ti ṣáájú akéwì!) Ọgọ́ta-ọgọ́ta ni wọ́n ń ka nǹkan, àwọn ará Bábílónì gbà á lọ́wọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wákàtí wa fi ní 60 ìṣẹ́jú. Ìtàn Ziusudra, tí òrìṣà kìlọ̀ fún kí ìkún omi tó dé, ti wà lórí amọ̀ kí a tó kọ ti Nóà.

Edubba ni wọ́n ń pe ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ìyẹn ilé wàláà. Ọmọ ilé-kéú ní Ọjà'ba yóò tètè lóye rẹ̀, àfi pé igi ni wàláà tirẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa ẹgbẹ́ Yorùbá jù. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí 1750 ṣáájú ìbí Jésù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí ìyá ti ń fi èdè Sumer bá ọmọ sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀ ní ìlú Nippur, ọmọ ilé-ìwé ń da òwe Sumer kọ sára amọ̀, olùkọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn àlùfáà sì ń fi èdè náà kọrin sí òrìṣà. Bí ọmọ náà bá délé, èdè Akkad ni yóò fi tọrọ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.