Èlé Kì í Dúró De Ẹ̀gẹ́

Kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, wọ́n á ti to bẹ́ńṣì síwájú ilé kan ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn. Àwọn obìnrin á jókòó, káàdì lọ́wọ́ oníkálukú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá gbowó á máa pe orúkọ, á máa ka owó, á máa kọ ọ́ sínú káàdì. Bí ẹnì kan ò bá yọjú, kò sẹ́ni tó máa dìde. Àwọn tó jókòó ni yóò dá owó ẹni náà pé, lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tò lọ bá a nílé.

Kómúlélántà ni wọ́n ń pe irú owó èlé yìí káàkiri ìgboro Ìbàdàn, láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrunkà. Àlàyé táwọn èèyàn máa ń ṣe lórí orúkọ náà ni pé ẹni tó bá yá a kò ní ráyè sá kómú sóòrùn mọ́. Orí lántà ni yóò ti gbẹ ẹ́ lóru, kó lè tètè jáde lọ wá owó kílẹ̀ tó mọ́.

Láti ọdún 2022, ìpinnu tí wọ́n ń ṣe ní Àbújá ti wọ inú káàdì wọ̀nyẹn. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2022, ìdá 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni báńkì àpapọ̀, CBN, fi ṣe òdiwọ̀n èlé. Oṣù náà ni wọ́n gbé e sí 13, kò sì dẹ́kun àtigòkè mọ́: 18.75 ní oṣù keje ọdún 2023, 22.75 ní oṣù kejì ọdún 2024, 27.5 ní oṣù kọkànlá. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni wọ́n tó já a wálẹ̀ sí 27. Ọ̀wọ́n ọjà ni Ọ̀gbẹ́ni Olayemi Cardoso tó jẹ́ gómìnà CBN sọ pé àwọn ń bá jà. Bí owó bá ṣòro yá, ìnáwó á dín kù, ọjà á sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èrò wọn nìyẹn.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ Àbújá ṣe ń dé orí bẹ́ńṣì ní Bẹẹrẹ? Ilé iṣẹ́ tó ń yáni lówó kéékèèké kì í tẹ owó. Òun náà ń yá a lọ́wọ́ báńkì ńlá, tàbí kó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń retí èrè lórí owó tí wọ́n fi pamọ́. Bí èlé tirẹ̀ bá ga, orí obìnrin tó mú káàdì dání ni yóò rù ú lé. Báńkì ńlá pàápàá, ọwọ́ rẹ̀ há. Ní oṣù kejì ọdún 2024, CBN pàṣẹ pé nínú 100 náírà tí oníbàárà bá fi pamọ́, 45 gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn, wọ́n sì sọ ọ́ di 50 kí ọdún náà tó parí. Èyí tó kù, ìjọba fúnra rẹ̀ ń wá a yá, ó sì san èlé tó lé ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ní 2024. Ìjọba kì í sá lọ. Ta ni yóò gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láti gbé e fún àgbẹ̀ tí òjò lè já kulẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣírò ó. Ká ní ìyá kan tó ń ta gaàrí l'Ọjà'ba yá 100,000 náírà, tí wọ́n ní kó máa san 5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. 120,000 ni yóò san. Lójú rẹ̀, ìdá 20 péré ni èlé náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni owó ti ń dín lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó bá sì fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ó ti dá ìdajì padà. Bí a bá pín in dọ́gba, owó tó ń bá a ṣiṣẹ́ jálẹ̀ àkókò náà kò ju nǹkan bí 52,000 lọ. Èlé 20,000 lórí 52,000, láàárín oṣù márùn-ún ààbọ̀! Tí a bá fà á gùn dé ọdún kan, ó di ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá sì ti yọ 10,000 sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò, 90,000 ló mú relé, èlé 100,000 ló ń san.

Àwọn bàbá wa ní orúkọ fún irú olówó bẹ́ẹ̀: ṣogúndogójì, ẹni tó ń sọ ogún di ogójì.

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ gbèsè. Láyé ogun, àwìn ni ọ̀pọ̀ balógun fi ń ra ìbọn àti ẹ̀tù. Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, yọ lóyè ní 1874, wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn. Mẹ̀kúnnù tí kò rówó san èlé a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó ni èlé, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè. Ó lè sìn ín fún ọdún mẹ́wàá kí owó tó yá ṣì dúró digbí. Nígbà tí kòkó dé, oko kòkó làwọn èèyàn ń fi dógò, olówó á sì máa ká kòkó títí onílẹ̀ á fi rówó san. Ìnira gbáà ni ìwọ̀fà, ó sì dára tí òfin pa á rẹ́. Síbẹ̀, èlé rẹ̀ kì í ga sí i láàárín ọdún, ìwọ̀fà sì ní àkókò tó fi ń ro oko tirẹ̀.

Ológò náà wà nígbà náà. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: àwọn tí olówó ń rán lọ jókòó ti onígbèsè nílé, tí wọ́n á máa pariwo, tí wọ́n á máa pa adìyẹ tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ, títí ojú á fi ti ará ilé. Lónìí, inú fóònù ni ológò mìíràn ń gbé. Ẹni tó yá owó lórí áàpù tí kò rí i san, wọ́n á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìyàwó àbúrò rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí ààfáà àdúgbò, pé olè ni. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ṣe ìlànà fún àwọn ayánilówó orí fóònù ní 2022.

Àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ká lára jù. Ọmọ Ìbàdàn tó ní agbo ilé ní ìdí Màpó sábà máa ń ní abúlé, ní ọ̀nà Akanran, Lálúpọn tàbí Ìdó. Ọkọ wà lóko, ìyàwó ń tajà nígboro. Báńkì kò mọ ọkọ, nítorí kò ní ìwé ilẹ̀ tó lè fi dúró. Ilẹ̀ ẹbí ló ń ro. Nítorí náà, ìyàwó ló ń gba kómúlélántà, ọkọ á sì fi ra ajílẹ̀, á fi san owó àwọn tó ń bá a kọ ebè. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni àgbàdo ń gbà. Ẹ̀gẹ́ ń gbà tó ọdún kan. Kòkó, ó di ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni olówó fẹ́ gba tirẹ̀. Kí ni wọ́n á fi san án? Owó ọjà ìyàwó ni, títí igbá á fi ṣófo.

Ìjọba gbìyànjú láti dá àgbẹ̀ yọ nínú èlé gọbọi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Anchor Borrowers ní Kebbi, èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 9. Ọ̀pọ̀ owó náà ni kò padà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 sì ni Cardoso kéde pé CBN ń yọwọ́ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èlé fò láti 18.75 sí 22.75. Ibi táwọn àgbẹ̀ ń fara ti wó, ẹrù sì tún wúwo sí i.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Nígbà tí èlé báńkì kọjá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà ní ìparí 1980, lábẹ́ Paul Volcker tó jẹ́ olórí báńkì àpapọ̀ wọn, ọ̀wọ́n ọjà rọlẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ti fi ilẹ̀ dógò pàdánù oko wọn ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nílé níbí, ní 1968, nígbà tí owó orí wọ àwọn àgbẹ̀ lọ́rùn, gbọ̀ngàn ìlú ní Màpó ni àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agbẹ́kọ̀yà kọjú sí. Owó orí ní gbọ̀ngàn, ó ní akọ̀wé, ó ní ẹni tí wọ́n lè bá wí. Èlé kò ní gbọ̀ngàn tí èèyàn lè yí ká. Ó yẹ kí wọ́n fi agbára mú ayánilówó láti kọ iye èlé ọdún kan gbáko síwájú káàdì, kí sísan owó àgbẹ̀ sì máa tẹ̀ lé ìkórè rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí ni pé àgbẹ̀ ń fa ẹ̀gẹ́ tu lẹ́yìn oṣù méje tàbí mẹ́jọ péré, nígbà tí kò tíì gbó, kó lè fi nǹkan ránṣẹ́ sígboro kí wọ́n tó wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kékeré, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá rin ín, tí wọ́n fún un, gaàrí tó jáde kò tó nǹkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ọ̀wọ́n oúnjẹ lórílẹ̀-èdè yìí dé ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù keje, CBN tún gbé èlé sókè sí 26.75, kí ọjà lè rọlẹ̀. L'Ọjà'ba, ìyá onígaàrí nu kóńgò rẹ̀, ó sì dá iye tuntun lé e.