Tíṣà Ni Wọ́n Kí Wọ́n Tó Di Eléré

Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn Glover Memorial l'Ékòó lọ́dún 1944, ọlọ́pàá ni. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí. Ṣùgbọ́n kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941, ó ti fi bí ọdún mẹ́jọ ṣe tíṣà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì rò pé eré rẹ̀ ti gbéra. Láyé ìgbà náà, ilé-ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì kò yàtọ̀ síra. Tíṣà tó kọ́ ọmọ ní ìṣirò lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òun náà ló ń tẹ dùùrù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ló ń kó akọrin jọ, òun ló sì ń pín ipa fáwọn ọmọ bí Kérésìmesì bá ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí iṣẹ́ méjì. Abájọ tó fi jẹ́ pé ìjọ Aládùúrà kan ló ní kí Ògúndé ṣe eré àkọ́kọ́ yẹn.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tíṣà ni. Dúró Ládipọ̀ náà ti kọ́ ọmọ nílé-ìwé rí. Ní 1961, ó gbé ìlù wọ ṣọ́ọ̀ṣì All Saints l'Óṣogbo fún orin Àjíǹde, làwọn kan nínú ìjọ bá fárígá. Ohun tí wọ́n kọ̀ níbẹ̀ ló gbé lọ sí ibùdó àṣà Mbari Mbayo lọ́dún kejì, nígbà tó sì di 1963, eré rẹ̀, Ọba Kò So, jáde.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀? Eré alárìnjò kì í dúró de aago ilé-ìwé. Ẹni tó ṣeré n'Íléṣà lálẹ́, tó tún gbọ́dọ̀ wà l'Ákùrẹ́ lọ́la, ta ni yóò pe orúkọ ọmọ fún un láàárọ̀?

Yunifásítì ló tún ọ̀nà náà ṣe. Kọ́lá Oyèwò bẹ̀rẹ̀ eré lọ́dọ̀ Oyin Adéjọbí ní 1964, ó ṣe Ọdẹ́wálé nínú eré Ọlá Rótìmí, ó tún lọ kàwé, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Orí ìtàgé ni tirẹ̀ ti wọ kíláàsì.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní tiẹ̀ ta ọgbọ́n mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni n'Ìbàdàn nígbà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Ó jókòó sídìí iṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwé ló rán lọ sójú agbo. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, I Sho Pepper, gbé eré náà ṣe n'Ìbàdàn ní 1981, èèyàn tó lé ní 14,000 ló jáde wá wò ó. (Àfi bíi pé bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ gbá!) Nígbà tí Túndé Kèlání ṣe fíìmù Ṣaworoidẹ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Oyèwò ṣe Lápité, Adébáyọ̀ Fálétí tóun náà ti ṣe tíṣà rí sì ṣe Ọ̀pálábá.

Eré kò tíì kúrò nílé-ìwé: ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ l'Ékòó lónìí, ó wà nínú CCA (Cultural and Creative Arts) tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní JSS, pẹ̀lú orin, ijó àti àwòrán. Lórí ìwé nìyẹn. Bí òpin ọdún ẹ̀kọ́ bá ń sún mọ́lé, ẹ ó rí tíṣà Yorùbá tó ń fi òwú ṣe irùngbọ̀n, tó ń gé páálí fi ṣe adé, tó sì ń wá agbádá ìjòyè lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè láàárín òkìríkà. Owó àpò rẹ̀ ni. Yóò tún kọ́ ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fọ́ba bí ẹni ń ṣe eré ìdárayá pé àyà ni kó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí ni gbogbo èyí ń wáyé, nígbà tí ebi ti ń pa ọmọ, tí òbí sì ń pè pé kó tètè máa bọ̀ kí gosíloó Òṣòdì tó bẹ̀rẹ̀. Owó aṣọ eré ìje ilé-ìwé kì í di àríyànjiyàn. Bí tíṣà bá béèrè owó aṣọ eré orí ìtàgé, wọ́n á ní ó ń fi àkókò ẹ̀kọ́ ṣòfò. N kò rí ìdí tí ìgbáradì eré kò fi lè ní wákàtí tirẹ̀ nínú táìmùtébù, láàárọ̀, bíi ti ìṣirò.