Bí iṣẹ́ abẹ orúnkún bá kan oníṣòwò, ta ni yóò máa ṣí ṣọ́ọ̀bù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọwọ́ nìkan ni oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ bi télọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, ẹ bi onídìrí tó ń dúró láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ bi bíríkìlà tó ń gun àkàbà àti ọlọ́kadà tó ń fi ẹsẹ̀ gbé ọ̀kadà ró nígbà tó bá fẹ́ gbé èrò, wọn yóò sọ pé orí orúnkún ni òwò àwọn dúró lé. Ọjọ́ tí orúnkún bá yẹ̀ ni onítọ̀hún máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kò sẹ́lòmíràn tó lè bá òun pa owó tó ń wọlé lójoojúmọ́.

Iṣan mẹ́rin pàtàkì tí àwọn dókítà ń pè ní ligament ló so egungun itan mọ́ egungun ojúgun nínú orúnkún. Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́tùn-ún lósì, méjì yòókù sì gba orí ara wọn kọjá ní àárín bí àgbélébùú. Èyí tó wà níwájú nínú àwọn méjì àárín yìí, tí wọ́n ń pè ní ACL, ló sábà máa ń gbé èèyàn dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Òun ni kì í jẹ́ kí egungun ojúgun yọ́ síwájú, òun náà ni kì í jẹ́ kí orúnkún yí sódì nígbà téèyàn bá ṣẹ́rí padà lójijì. Ohun tó máa ń yani lẹ́nu ni pé kò dìgbà tẹ́nì kan bá taari èèyàn kí kinní náà tó já. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ Sátidé lè sáré, kó dúró gbàgì, kó fẹ́ yà sápá kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wà nílẹ̀ níbẹ̀, ara rẹ̀ yóò sì ti lọ. Ẹlòmíràn fò lórí gọ́tà, ẹlòmíràn ṣubú lórí ọ̀kadà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbọ́ ìró nínú orúnkún, kó tó di wákàtí mélòó kan, ibẹ̀ á ti wú bí ìkòkò.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wíwú náà á lọlẹ̀, ìrora á dínkù, onítọ̀hún á sì padà sídìí òwò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó àti àsìkò gan-an nìyí. Wọ́n á ní àwọn ti ya fọ́tò X-ray, wọ́n ní egungun kò ṣẹ́, nítorí náà kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, X-ray kì í fi iṣan hàn. Dókítà eegun tó mọṣẹ́ lè fi ọwọ́ méjèèjì fa orúnkún náà wò, kó sì mọ̀ bóyá iṣan ti já, ẹ̀rọ MRI sì ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àwọn mìíràn á gba ọ̀dọ̀ onísègùn eegun lọ, wọn á máa fi òróró gbígbóná wọ́ ọ, wọn á máa fà á. Ó yẹ kéèyàn bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àwọn baba wa, ṣùgbọ́n iṣan ACL kì í ṣe egungun, kì í sì í sábà so padà nítorí pé wọ́n wọ́ ọ. Bí wọ́n bá wá fi igi àti aṣọ dì í pinpin débi tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè kọjá, ẹsẹ̀ náà gan-an wà nínú ewu.

Ǹjẹ́ dandan ni iṣẹ́ abẹ? Rárá o, kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, àwọn dókítà kan tẹ̀ lé ọ̀dọ́ 121 tí iṣan yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ já fún. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún apá kan kíákíá, wọ́n ní kí apá kejì kọ́kọ́ máa ṣe eré ìdárayá lọ́dọ̀ àwọn físíò, kẹ́ni tó bá ṣì ń ni ín lára wá ṣe iṣẹ́ abẹ tó bá yá. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2010 àti 2013: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí ìdajì nínú apá kejì ni kò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan, orúnkún apá méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2022, yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn 316 tí wọ́n lò níbẹ̀ jẹ́ àwọn tí orúnkún wọn ti ń yẹ̀ látìgbà pípẹ́, iṣẹ́ abẹ ló sì ṣe wọ́n láǹfààní jù. Ìtumọ̀ èyí fún oníṣòwò ni pé ẹni tó ń jókòó ta ọjà, tí kì í gbá bọ́ọ̀lù, lè kọ́kọ́ gbìyànjú físíò fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń yẹ̀ lórí àkàbà tàbí nígbà tó bá gbé ẹrù kò yẹ kó máa fi falẹ̀, nítorí ìgbàkígbà tó bá yẹ̀ ló lè ya ìrọ̀rí kékeré tó wà láàárín egungun méjèèjì, ìyẹn sì ni orúnkún fi ń di ti arúgbó láìtọ́jọ́.

Bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ ni, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sáré gbé èèyàn lọ lóru. Yàtọ̀ sí orúnkún tó há, tí kò ṣeé nà rárá, àyè wà láti mú ọjọ́. Àyè yìí wúlò fún orúnkún fúnra rẹ̀. Wíwú gbọ́dọ̀ lọ, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà gbọọrọ, iṣan itan sì gbọ́dọ̀ lágbára kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, nítorí orúnkún tó bá gan wọ yàrá iṣẹ́ abẹ sábà máa ń gan jáde. Ẹni tó ń mu sìgá gbọ́dọ̀ jáwọ́. Gbogbo oògùn téèyàn ń lò ni kó sọ fún dókítà, títí kan àgbo tó ń mu láràárọ̀, nítorí òmíràn nínú wọn lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, àtọ̀gbẹ ńkọ́? Ẹni tí jẹnotáìpù rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́ rárá, torí wọ́n sábà máa ń fi bẹ́líìtì fún itan pa kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ṣàn lásìkò iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n orúnkún nìkan kọ́ ló yẹ kó múra, ṣọ́ọ̀bù náà gbọ́dọ̀ múra. Niwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé wọ́n lè yan ọjọ́, kò bọ́gbọ́n mu kí télọ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá kù dẹ̀dẹ̀, tàbí kí ẹni tó ń ta aṣọ iléèwé àti ìwé lọ gba ọjọ́ sí ìparí oṣù kẹjọ. Oṣù tí ọjà bá ti máa ń kú tẹ́lẹ̀ ló yẹ. Aṣọ ẹbí tí kò ní parí kó tó dọjọ́ náà, kó má gbà á. Kó pe àwọn oníbàárà rẹ̀ kó sọ fún wọn fúnra rẹ̀, nítorí bí wọ́n bá bá ṣọ́ọ̀bù ní títì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbà lọ.

Ti owó ló wá le jù. Owó iṣẹ́ abẹ ni gbogbo èèyàn máa ń wá kiri, wọn kì í rántí owó MRI, owó oògùn, owó ọkọ̀ (torí kò ní lè gun ọ̀kadà), owó ilé ìtajà àti oúnjẹ ilé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn kì í rántí owó físíò, tí yóò máa lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tówó bá tán, ti físíò ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò lọ físíò dà bí ẹni tó ra jẹnẹrétọ̀ tí kò ra epo sí i. Kó ya owó físíò sọ́tọ̀ ṣáájú. Ẹni tó ń dá àjọ lè bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó kó tirẹ̀ lóṣù náà. Owó èlé tí wọ́n ń san padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ léwu púpọ̀, torí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni sísan yóò ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹni tó yá a ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹni tí yóò dúró sí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ó kéré tán, oṣù kan ṣáájú ló ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀gá máa wò ó. Kí wọ́n kọ iye ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sínú ìwé dípò orí ọ̀gá, kí owó máa wọ àpò báǹkì tí fóònù ọ̀gá yóò máa dún fún. Àwìn kò gbọ́dọ̀ sí lásìkò yìí, àní fún mọ̀lẹ́bí.

Iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Wọ́n á gé díẹ̀ lára iṣan ẹ̀yìn itan tàbí ti iwájú orúnkún, wọn á fi kámẹ́rà kékeré wo inú, wọn á sì fi iṣan náà rọ́pò èyí tó já. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ lábẹ́ abíyá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ti ìrọ̀rí. Ìyàwó á ṣàánú ọkọ, á fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún kó lè tẹ̀ díẹ̀, kí ara tù ú. Ẹsẹ̀ náà kò ní nà mọ́. Abẹ́ gìgísẹ̀ ni kí wọ́n fi ìrọ̀rí sí. Bí ẹran ẹ̀yìn ojúgun bá wú tó sì ń ro, kí ẹnikẹ́ni má wọ́ ọ rárá, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀. Bí èémí bá tún ń kúrú tàbí àyà ń dùn ún, ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ibà bá dé tàbí ojú egbò ń ṣọyún. Ilé tó jẹ́ ṣáláńgá lásán ni wọ́n ń lò, kí wọ́n ti wá àga sí i kó tó dọjọ́ náà, torí kò ní lè lóṣòó.

Ẹni tó ń jókòó ta ọjà lè padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, bó bá ríbi gbé ẹsẹ̀ lé. Mọ́tò wíwà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pàápàá bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń tẹ bíréèkì. Àkàbà, sìmẹ́ńtì àti ọ̀kadà gba oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá rán ìrọ̀rí àárín egungun mọ́ ọn, yóò tún pẹ́ sí i. Ibi tí ọ̀fìn wà ni láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkejìlá. Ìrora ti lọ, ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ dáadáa, gbèsè sì ti ń kanlẹ̀kùn. Àsìkò yìí gan-an ni iṣan tuntun náà rọ jù, torí ara ṣì ń sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ti bọ́ọ̀lù Sátidé, oṣù mẹ́sàn-án ni, ó kéré tán. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2016, tí wọ́n ṣe ní Norway àti Amẹ́ríkà, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fi sún un síwájú títí di oṣù kẹsàn-án máa ń dín ewu kó tún fara pa kù ní nǹkan bí ìdajì. Virgil van Dijk ti Liverpool fara pa ní oṣù kẹwàá, ọdún 2020. Ìparí oṣù keje, ọdún 2021 ló tó padà sórí pápá, bẹ́ẹ̀ dókítà àti físíò ni wọ́n tò yí i ká lójoojúmọ́.

Bó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ ló fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àjọ NSITF, inú owó yìí ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa. Ẹni tó bá ń san án, kó jẹ́ kí ọmọṣẹ́ náà sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kíákíá, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó ọsibítù látinú owó ọjà.