Kí ẹ tó náwó sórí brain box, ẹ yẹ sẹ́ńsọ̀ tọ́rótù wò

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ìnira ńlá ni ọkọ̀ tó ń mu epo jù jẹ́ fún ẹni tó ni ín. Àwọn tó ń fi tòkunbọ̀ àtijọ́ ṣe kabúkabú ló mọ̀ ọ́n lára jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló nílò ẹ́ńjìnnì tàbí brain box mìíràn. Nígbà mìíràn, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

TPS ni wọ́n ń pe sẹ́ńsọ̀ yìí. Ẹ̀gbẹ́ tọ́rótù, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ló wà. Bí awakọ̀ bá ti tẹ iná, yóò sọ fún brain box bí tọ́rótù ṣe ṣí tó, kí ìyẹn lè mọ iye epo tí yóò tú sílẹ̀. Tó bá ń parọ́, ọkọ̀ lè máa kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó lè máa já èèyàn síwá-sẹ́yìn, jíà ọtomátíìkì sì lè máa pẹ́ kó tó wọlé.

Pílọ́ọ̀gì tó ti gbó náà lè fa irú àmì báyìí, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n fi mítà yẹ sẹ́ńsọ̀ náà wò. Mẹkáníìkì yóò kọ́kọ́ fọ ẹnu tọ́rótù. Yóò yí kọ́kọ́rọ́ títí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi tàn, láì sítáàtì ọkọ̀, yóò wá fi mítà kan wáyà tó ń gbé ìròyìn lọ sí brain box. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, mítà máa ń wà ní nǹkan bíi fólítì 0.5 tí wọn kò bá tẹ iná, á sì gòkè díẹ̀díẹ̀ dé nǹkan bíi 4.5 tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ló máa ń sọ iye tirẹ̀ gan-an.

Bí mítà bá ń fò tàbí tó ń já wálẹ̀ lójijì bí tọ́rótù ṣe ń ṣí, sẹ́ńsọ̀ ti jẹ nínú, ó di dandan kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ń gòkè geere, tó jẹ́ pé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni kò tọ̀nà, àtúntò ló kù. Wọn yóò dẹ síkúrù méjèèjì tó dè é, wọn yóò rọra yí i títí iye náà yóò fi pé, wọn yóò dè é padà, wọn yóò sì tún fi mítà wò ó, torí dídè náà lè sún un.

Ibi tí síkúrù ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ gùn díẹ̀ kí èyí tó ṣeé ṣe. Tó bá rí roboto, wọn kò ṣe é fún yíyí. Ọkọ̀ tí kò ní kébù láàárín ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti tọ́rótù kò sí lára èyí tí à ń sọ yìí rárá. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí síkúrù tó dá ilẹ̀kùn tọ́rótù dúró láti fi bo àléébù sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tó ni ọkọ̀ tó sanwó ọjà kankan, ìbéèrè kan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì rẹ̀: “Kí ni mítà sọ?”