Oúnjẹ Ojú Pópó ní Òṣogbo àti Iléṣà: Ìdáná Ẹni Tí Ó Wà ní Àjò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn; àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ; kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Bí a bá fi ọkàn yẹ òwe yìí wò, a óò rí i pé ẹni tí ó wà ní ilé ara rẹ̀ ni ó pa á: ẹni tí ó ní odó àti ọmọ odó, tí iṣu kò wọ́n ní ilé rẹ̀, tí àwọn tí yóò gún un sì wà ní ìtòsí. Òwe náà kò ro ti ẹni tí ó jí ní kùtùkùtù gbé ẹrù rù. Kò ro ti awakọ̀, ti bíríkìlà, ti akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ti àlejò tí kò mọ ilé ẹnikẹ́ni ní ìlú. Ní ti irú àwọn wọ̀nyí, ẹ̀kọ ni oúnjẹ, àkàrà ni oògùn. Ìyá tí ó jókòó ti agbada ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ó sì di ìyá wọn títí wọn yóò fi padà dé ilé.

Bí ìlú méjì bá wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí ó lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí, Òṣogbo àti Iléṣà ni. Òṣogbo ìlú aró ni ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra ní Èkó dé ní ọdún 1907. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣòwò, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn arìnrìn-àjò láti Òkè Ọya ti ń wọ ìlú náà. Ní àwọn ọdún tí ọkọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ déédéé, ibi tí ó bá ti dúró ni àwọn olóúnjẹ ti ń ṣù bò ó. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ní tiwọn kò dúró de àlejò. Àwọn gan-an ni wọ́n ń di àlejò ní ìlú onílùú. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní àwìn káàkiri. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi san án. Èyí ni ó sọ wọ́n ní Òṣómàáló. Ẹni tí ó lóṣòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò ráyè gún iyán. Ohun tí ẹlẹ́kọ bá gbé kọjá ni yóò rà jẹ. Ìlú kan gba àlejò, ìlú kejì rán ọmọ rẹ̀ lọ sí àjò. Oúnjẹ ojú pópó ni ó bọ́ àwọn méjèèjì.

ÒWÚRỌ̀ NÍ ÒṢOGBO

Kí àlejò tí ó wá wo ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ má ṣe jẹ́ kí ìrìn àjò rẹ̀ mọ sí inú igbó Ọ̀ṣun, tí àjọ UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Kí ó tètè jí, kí ó sì gba agbègbè Ọjà Ọba lọ, nítòsí ààfin Àtàọ́ja. Òórùn òróró gbígbóná ni yóò fi ọ̀nà hàn án. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni alákàrà ti rẹ ẹ̀wà, tí ó ti bó o, tí ó sì ti lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Ọlọ ni àwọn ìyá àtijọ́ fi ń lọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ ni ti òde òní. Ṣùgbọ́n inú pípò rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí kò bá lù ú kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, àkàrà náà yóò le bí òkúta. Bí omi rẹ̀ bá sì pọ̀ jù, yóò fọ́nká sínú òróró. Kò sí ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ ni ó mọ̀ ọ́n.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ìpanu lásán ni àkàrà, kí ó rántí pé òun náà ni àwọn ọmọ máa ń dín pín fún ará àdúgbò bí òbí wọn tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún bá papò dà. Ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún àgbà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ.

Ẹ̀kọ ni ó ń bá àkàrà rìn. Àgbàdo yóò wà nínú omi fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. A óò lọ̀ ọ́, a óò sẹ́ ẹ, ògì rẹ̀ yóò sì tòrò sí ìsàlẹ̀. Ògì yìí ni a óò rò lórí iná, tí a óò sì pọ́n sínú ewé nígbà tí ó ṣì gbóná. Bí ó bá tutù, yóò dì, òórùn ewé yóò sì ti wọ̀ ọ́ lára. Àwọn kan fẹ́ràn ọ̀lẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí mọ́ínmọ́ín. Àwọn mìíràn a béèrè ẹ̀kuru, tí a kò fi epo sí, tí a ń fi ata díndín jẹ. Ẹ̀wà kan ṣoṣo, ọ̀nà mẹ́ta: a dín in, a fi epo sè é, a sè é láìsí epo; adùn wọn kò sì jọ ara wọn.

Ọ̀SÁN NÍ ILÉṢÀ

Láti Òṣogbo dé Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ní àkókò òjò, àgbàdo sísun kì í wọ́n ní ẹ̀bá ọ̀nà. Bí àgbàdo bá kásẹ̀ nílẹ̀, bọ̀ọ̀lì àti iṣu sísun a gba ipò rẹ̀.

Ní àárín ìlú Iléṣà, ní agbègbè Ọjà Atakúnmọ́sà, bùkà ni ó yẹ kí àlejò kọ́kọ́ wá. Ìjẹ̀ṣà kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré. Kò sí ìpolówó tí ó dára fún oníyán ju ìró odó rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń kọjá lọ yóò gbọ́ ọ, yóò sì mọ̀ pé iyán tuntun ti délẹ̀. Iyán pàápàá, tí òwe fi ṣe olórí oúnjẹ ilé, ti jáde wá sí ojú pópó nítorí ẹni tí kò ní odó.

Bí oòrùn bá rọlẹ̀, iṣu kan náà a tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. A gé e wẹ́wẹ́, a dín in, ó di dùńdú, tí a ń fi ata àti ẹja díndín jẹ. Ewùrà kò ṣeé gún níyán bí iṣu funfun, ṣùgbọ́n àwọn ìyá kò tìtorí èyí dà á nù. Wọ́n rin ín, wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà sí i, wọ́n sì dín in ní ọ̀jọ̀jọ̀. Irú ọgbọ́n yìí náà ni àlejò tí ó gba ọ̀nà Ìbàdàn wá yóò ti rí ní Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n kọjá àlà, tí ẹlòmíràn ìbá sọ sí ààtàn, ni wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n sì dín nínú epo pupa títí ó fi dúdú. Dòdò Ìkirè ni orúkọ rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì ti kọjá ìlú tí ó bí i.

ALẸ́ ÀTI ÌWÀ OJÚ PÓPÓ

Ní alẹ́, àwọn tí wọ́n ti Òkè Ọya wá ni wọ́n gba ipò. Ní Sábó ní Òṣogbo, àwọn Haúsá a fi ẹran há igi, wọ́n a sì yan án ní súyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àwọn obìnrin Fúlàní a máa kiri wàrà, tí wọ́n fi oje ewé bọmubọmu mú kí wàrà inú rẹ̀ dì. Ẹni tí ó bá fẹ́ nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ fi dí ẹnu yóò rí gúgúrú àti ẹ̀pà, àádùn, kókóró àti róbó. Ojú pópó kì í béèrè ibi tí olóúnjẹ ti wá. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń wò.

Òótọ́ ni pé àṣà kò fẹ́ kí àgbà máa jẹun kiri ìgboro. Ìdí nìyí tí oúnjẹ yìí fi ní ìwà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ìdí igbá a kí olóúnjẹ pé, "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá." Òun náà a pe ọmọdé ní "ọkọ mi," a sì fi èènì sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ níbẹ̀ a jókòó sí orí àpótí, a kọ ẹ̀yìn sí títì. Bí ojúlùmọ̀ bá kọjá, a pè é kí ó wá bá òun jẹun. Ojúlùmọ̀ náà a dáhùn pé kí ó gba ibi ire lọ. Báyìí ni ẹni tí ó ń jẹun láàárín ìta ṣe dà bí ẹni tí ó wà nínú ilé.

EWÉ TÀBÍ Ọ̀RÁ?

Ohun tí ó ń mú ìjẹun ìta yìí ní ọ̀wọ̀ jù lọ ni ewé. Ewé eéran àti gbòdògì ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀. Abẹ́ igi ńlá ni ewé eéran ti ń hù, nínú igbó kìjikìji àti oko kòkó tí ó ní ìbòòji, irú èyí tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní. Láti ara èso rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń yọ èròjà kan tí ó fi nǹkan bí ìlọ́po 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Ewé náà ń di oúnjẹ, ó ń fún un ní òórùn, ó ń ṣe àwo. Bí a bá jẹun tán tí a sọ ọ́ nù, ilẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́.

Lónìí, ọ̀rá ti gba iṣẹ́ yìí mọ́ ewé lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń da ọ̀lẹ̀ sí kí wọ́n tó gbé e ka iná. Ìwé ìròyìn, bóyá irú ojú ewé tí òǹkàwé mú lọ́wọ́ yìí gan-an, ni wọ́n sì fi ń di àkàrà tí òróró ń kán lára rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Bí tàdáwà àti ọ̀rá gbígbóná bá pẹ́ lára oúnjẹ ńkọ́?

Kò yẹ kí á di ẹ̀bi gbogbo ru olóúnjẹ. Ewé ń wọ́n sí i bí wọ́n ṣe ń gé igbó. Ó ń fẹ́ fífọ̀, ó ń fẹ́ ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n pọ́n. Ọ̀rá kò fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Oníbàárà tí ó ń ná ọjà dé orí náírà tí ó kẹ́yìn náà wà lára àwọn tí wọ́n lé ewé lọ.

Àwọn ìlú mìíràn ti dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí oúnjẹ ojú pópó ti lókìkí, abọ́ tí wọ́n fi ewé ṣe ni àwọn kan ṣì ń bu oúnjẹ sí. Ní ọdún 2004, Lalu Prasad Yadav, mínísítà rélùwéè ibẹ̀, ní kí wọ́n máa fi ife amọ̀ bu tíì fún èrò ọkọ̀ dípò ike. Ní ọdún 2016, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ ní orílẹ̀-èdè náà kìlọ̀ pé kí wọ́n yé fi ìwé ìròyìn di oúnjẹ. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé àkàrà dé, acarajé ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ní ọdún 2005 ni ìjọba ibẹ̀ sì fi iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń dín in kún ogún orílẹ̀-èdè wọn. Nítòsí ilé, ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ike fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí.

Òṣogbo àti Iléṣà kò nílò láti lọ yá ọgbọ́n ní òkèèrè. Inú oko wọn ni ó wà. Bí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bá fún àwọn eléwé ní àyè nínú ọjà, bí àwọn olóko kòkó bá fi ìbòòji sílẹ̀ fún ewé láti hù, tí oníbàárà sì gbà láti fi nǹkan díẹ̀ lé owó ẹ̀kọ tí a fi ewé pọ́n, àṣà náà kò ní parun. Ẹni tí ó pa òwe ìjọ́sí ní iyán ní ilé rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní àjò kò ní ju ìyá tí ó jókòó ti agbada yìí lọ. Ohun tí ó tọ́ ni pé kí á bá a wá ewé tí yóò fi gbé oúnjẹ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.